Koríko Gígé àti Ojúde Gbígbá: Ìtàn Pápá Koríko láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Ìkòyí

Àṣamọ̀

Koríko tí a gé mọ́lẹ̀ rẹ́gírẹ́gí níwájú ilé ti mọ́ ojú lára ní ilẹ̀ Yorùbá débi pé àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè ibi tí ó ti wá. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ àṣà náà láti ilé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún dé àdúgbò àwọn Òyìnbó ní Ìkòyí, àti dé àwọn ẹ́sítéètì tí àwọn alákọ̀wé Yorùbá kó lọ lẹ́yìn 1947. Ó fi àṣà náà wé ojúde gbígbá tí ó ti wà ní agbo-ilé Yorùbá tẹ́lẹ̀. Àbá tí ó gbé kalẹ̀ ni pé gígé ni ó sọ koríko, tí í ṣe àmì ahoro, di àmì pé ènìyàn ń bẹ níbẹ̀. Lórí èyí, àṣà méjèèjì jọra. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìlò ilẹ̀, ẹni tí a lé kúrò kí koríko tó ráyè hù, àti ẹni tí ó di àdá mú.

Ìfáàrà

Nínú ìgbé ayé Yorùbá, ilẹ̀ tí ó wà níwájú ilé kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ibẹ̀ ni a ti ń kí àlejò, ibẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti ń ta ayò, ibẹ̀ náà ni ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́ nígbà tí òṣùpá bá yọ. Ilẹ̀ náà ní láti mọ́, ohun tí mímọ́ sì túmọ̀ sí ni pé kí koríko kankan má hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ Ìkòyí, Gẹ́ẹ̀àrà Ìkẹjà, Ìyágankú tàbí Bódìjà, òdìkejì èyí ni yóò bá níwájú ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá. Níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbin koríko, tí wọ́n ń bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn, tí wọ́n sì ń gé e léraléra lójò. Wọn kò fi bọ́ ẹran, wọn kò fi bo ilé, wọn kò sì tà á lọ́jà. Ìbéèrè tí ó dìde ni pé: kí ni ó mú kí ohun tí ìyá kọ́ ọmọ rẹ̀ láti fà tu di ohun tí ọmọ náà ń sanwó fún ẹlòmíràn láti tọ́jú?

Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé àlejò ni àṣà yìí. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Pápá, tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, ni ilẹ̀ gbalasa tí koríko kún, tí ọdẹ ń dáná sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dàn sì ni ilẹ̀ koríko tí ó lọ salalu tí igi kò pọ̀ níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, "pápá koríko" dúró fún koríko tí a gbìn yí ilé tàbí gbọ̀ngàn ká, tí a ń gé lágèékúrú, tí a kò sì retí ohunkóhun lọ́dọ̀ rẹ̀ ju kí ó dùn ún wò lọ.

Koríko lójú Yorùbá

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ka koríko sí. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ àti ìwà rẹ̀: eèsún tí ó ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀kan tí ìdí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ tí ó sì ń bá àgbẹ̀ fa ilẹ̀, gbégi tí ó di ilẹ̀ mú lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àti bẹẹrẹ tí a fi ń bo ilé. Ibi tí koríko wà ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́. Ní oko, ọ̀tá ni; ní ọ̀dàn, oúnjẹ ẹran ni; lórí ilé, ààbò ni. Ṣùgbọ́n ní ojúde, ẹ̀sùn ni. Bí àwọn àgbà bá wí pé "Àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́; baálé kú, ilé dahoro," àwòrán tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni ti ilé tí ògiri rẹ̀ ń ya, tí koríko sì ti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Koríko lójúde túmọ̀ sí pé kò sí ẹsẹ̀ tí ń tẹ ilẹ̀ náà mọ́, kò sì sí ọwọ́ tí ń di ìgbálẹ̀ mú níbẹ̀.

Ìdí tí a fi ń gbá ojúde kò mọ sórí ẹwà nìkan. Ilẹ̀ tí ó mọ́ kì í fi ejò àti àkeekèé pamọ́. Nígbà tí koríko ni òrùlé, koríko gbígbẹ tí ó bá ti inú igbó wọ ẹ̀gbẹ́ ilé jẹ́ ọ̀nà tí iná pápá lè gbà dé orí ilé. Ilẹ̀ líle tí a ti tẹ̀, tí a sì ti gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún dára fún sísá ohun jíjẹ, fún ijó, fún ìpàdé ẹbí àti fún ìnáwó. Àwọn ìyàwó ilé àti ọmọdé ni ó ń gbá a ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn ènìyàn tó máa rìn. Pàǹtírí yóò sì lọ sí ààtàn lẹ́yìn ilé. Iṣẹ́ náà pọ̀, a sì pín in lórí ọjọ́ orí àti ipò obìnrin nínú ilé. Kò yẹ kí a gbàgbé èyí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé orí ẹni tí ó ń gé koríko ní Ìkòyí. Àṣà ìbílẹ̀ náà ní àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn àti àwọn tí ó ń jókòó wò.

Láàfin, koríko ní ìlò mìíràn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, tí a so mọ́ koríko tí a fi ń bo ilé. Ní àkókò náà, àwọn tí ó wà lábẹ́ Aláàfin a máa gbé bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé àfin ṣe. Koríko níhìn-ín jẹ́ ìsìn àti ìṣákọ́lẹ̀: bí ìtì bẹẹrẹ tí ó wọ ààfin bá ṣe pọ̀ tó ni a fi ń mọ bí ọwọ́ ọba ṣe gùn tó. G. J. Afọlábí Òjó pẹ̀lú, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ààfin Yorùbá tí ó jáde ní 1966, fi hàn pé ilẹ̀ ààfin a máa gbòòrò ju ohun tí ilé nìkan nílò lọ, àti pé apá kan rẹ̀ a máa jẹ́ igbó. Nítorí náà, Yorùbá mọ̀ pé ilẹ̀ tí a kò dáko sí lè fi agbára ẹni hàn. Ṣùgbọ́n igbó ààfin ní ewé àti egbò fún oògùn, ó sì ní ibi ètùtù. Ilẹ̀ tí a dá sí ni, kì í ṣe ilẹ̀ tí kò níṣẹ́.

Láti ẹnu àgùntàn dé ẹ̀rọ Budding

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgùntàn ni ó kọ́kọ́ ń gé koríko. Òjò winniwinni ń rọ̀ níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, oòrùn kì í sì í mú ganrínganrín. Èyí bá koríko kúkúrú lára mu. Koríko sì ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ ewéko kò ní: ìdí rẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ni ewé tuntun ti ń yọ. Bí ẹran bá jẹ orí rẹ̀, tàbí tí abẹ bá gé e, kì í kú, ńṣe ni yóò tún rú. Igi kéékèèké àti ewéko tí ó ń yọ láti orí kò lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì kú kúrò láàárín rẹ̀. Bí a bá ń gé koríko léraléra, koríko nìkan ni yóò ṣẹ́kù.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ìrísí pápá ẹran di ọ̀ṣọ́ ilé. Ṣáájú ìgbà náà, ọgbà tí André Le Nôtre ṣe fún Ọba Louis Kẹrìnlá ní Versailles ni àwòkọ́ṣe Yúróòpù: ọ̀nà tí ó tọ́ bí ọfà, òdòdó tí a tò ní ìlà, àti koríko díẹ̀ tí a tẹ́ bí ẹní láàárín wọn. Lancelot Brown (1716–1783), tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Capability, yí èyí padà. Ó mú koríko wá láti ọ̀nà jíjìn dé ìdí ògiri ilé. Kí àgùntàn má bàa dé ẹnu ilẹ̀kùn, a gbẹ́ kòtò kan tí ẹni tí ó wà nílé kò lè rí. Ojú yóò máa wò ó bí ẹni pé koríko kan náà ni ó tẹ́ lọ láti ojú fèrèsé títí dé ibi tí ilẹ̀ pin sí. Nítòsí ilé, àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń fi dòjé ńlá olígi gígùn gé e, ní ìdájí tí ìrì ṣì wà lára koríko, nítorí pé ìgbà náà ni abẹ ń mú un dáadáa.

Àǹfààní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé kò ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi ilẹ̀ tí ó lè so ọkà sílẹ̀ fún koríko ń sọ láìlanu pé ebi kò lè pa òun. Nígbà mìíràn, ó ní láti lé àwọn ènìyàn kúrò kí ojú lè ríran. Ní Dorset, ní àwọn ọdún 1770, Joseph Damer, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Lord Milton, wó ìlú ọjà tí ó wà nítòsí ilé rẹ̀ nítorí pé ó dí ojú rẹ̀; ó kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí abúlé tuntun tí ó kọ́ sí àfonífojì kan, èyí tí a ń pè ní Milton Abbas títí di òní. Brown wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ilé ẹlòmíràn ti wà lábẹ́ koríko ọlọ́lá.

Ẹ̀rọ ni ó mú àṣà náà sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́lá. Ní 1830, Edwin Beard Budding, tí ó ń gbé nítòsí ìlú Stroud ní Gloucestershire, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìgékoríko àkọ́kọ́. Inú ilé iṣẹ́ aṣọ ni ó ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀: níbẹ̀, abẹ yíyípo kan ń fá irun tí ó yọ sójú aṣọ òwú àgùntàn kí ojú rẹ̀ lè dán. Budding gbé èrò náà kúrò lórí aṣọ bọ́ sórí ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀rọ náà ní 1832. Ẹni tí kò ní àgùntàn, tí kò sì lè gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ oníidòjé, lè ní koríko tí ó dọ́gba báyìí. Eré ìdárayá tún fi kún un: Walter Clopton Wingfield gba ìwé àṣẹ fún tẹ́níìsì orí koríko ní 1874, ìdíje Wimbledon sì bẹ̀rẹ̀ ní 1877.

Ní Amẹ́ríkà, Andrew Jackson Downing gbé àṣà náà lárugẹ nínú ìwé rẹ̀ ní 1841. Nígbà tí Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux ya àwòrán Riverside ní Illinois ní 1869, wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan fà sẹ́yìn kúrò lójú títì ní 30 ẹsẹ̀ bàtà, tí ó fi jẹ́ pé koríko onílé kọ̀ọ̀kan so mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ní Levittown, New York, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1947, gígé koríko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọ inú àdéhùn ilé. Ọgbọ́n Thorstein Veblen ṣe pàtàkì níhìn-ín. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1899, ó ṣàkíyèsí pé màlúù lè gé koríko láìgba owó, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kì í fẹ́ kí ó jẹ níwájú ilé, nítorí pé màlúù ń jọ èrè àti ìṣọ́wóná. Koríko náà ní láti jọ pápá ẹran, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bọ́ ẹran.

Ẹ̀fọn, 440 yáàdì àti Ìkòyí

Nígbà tí pápá koríko dé Èkó, ó rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ní 1897, Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà kiri. Láti inú ìmọ̀ òtítọ́ yìí ni àwọn aláṣẹ amúnisìn ti fa ìlànà kan yọ: bí ẹ̀fọn bá ń gbé ibà láti ara ọmọ Áfíríkà lọ sí ara Òyìnbó, kí Òyìnbó jìnnà sí ọmọ Áfíríkà. Ní Freetown, wọ́n kọ́ àdúgbò Hill Station sórí òkè fún àwọn Òyìnbó nìkan, a sì ṣí i ní 1904. Ní Èkó, Gómìnà William MacGregor (1899–1904), tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kò fara mọ́ ìpínyà bẹ́ẹ̀. Oògùn kuiníìnì àti fífa omi ẹrẹ̀ gbẹ ni ó gbájú mọ́, kí gbogbo ará ìlú lè jàǹfààní. Odò àtọwọ́dá tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí a gbẹ́ sí àárín Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ìkòyí, wà lára iṣẹ́ náà.

Èrò MacGregor kò borí. Lábẹ́ Frederick Lugard, òfin ìlú ti 1917 pín àwọn ìlú sí ìsọ̀rí, Èkó nìkan ni ó sì wà ní ìsọ̀rí kìíní. Ìlànà Lugard béèrè pé kí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé wà láàárín àdúgbò Òyìnbó àti ti ọmọ ìbílẹ̀, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó 440 yáàdì, nǹkan bí 400 mítà, nítorí ìgbàgbọ́ pé ẹ̀fọn kò lè fò kọjá bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé kì í pẹ́ di igbó ní ilẹ̀ olójò. Ó ní láti jẹ́ ilẹ̀ tí a ń gé. Nítorí náà ni pápá gọ́ọ̀fù, pápá pólò àti pápá ìtò-ogun fi di àlà ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà: ohun kan náà jẹ́ eré fún ẹgbẹ́ kan, ó sì jẹ́ odi fún ẹgbẹ́ kejì. Gómìnà Hugh Clifford (1919–1925), tí ó rọ́pò Lugard, kò gba ti ìpínyà nínú ìlú Èkó gbọ́, ṣùgbọ́n Ìkòyí ń dàgbà lọ gẹ́gẹ́ bí àdúgbò àwọn Òyìnbó.

Ìrísí Ìkòyí àtijọ́ ṣì ṣeé kà lórí ilẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù Ìkòyí, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí àwọn Òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1938, wà ní ìhà tí Ìkòyí ti bá Ọbalẹ́ndé pàdé. Ìtúmọ̀ tí àwọn ará Èkó ń fún orúkọ Ọbalẹ́ndé fúnra rẹ̀ ni ibi tí ọba lé àwọn ènìyàn dé. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé kan dá dúró láàárín koríko tí ó tó kí a kọ́ odidi agbo-ilé sí. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ilé fara kan ilé. Ní Àpápá, ìjà ilẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù: ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, láre pé ilẹ̀ tí ìjọba gbà níbẹ̀ ní olówó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún ẹbí. Ìdájọ́ náà kò sọ̀rọ̀ nípa koríko, ṣùgbọ́n ó tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ojú aláṣẹ rí bí ilẹ̀ òfìfo, ilẹ̀ baba ẹni kan ni.

Ẹni tí ó di àdá mú

Abẹ́ òfin ìlera kan náà ni wolé-wolé ti jáde. Ó ń wọ agbo-ilé, ó ń yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn ilé bóyá koríko ti hù. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ lè dé kóòtù. Ìjà tí wolé-wolé wá jà ni agbo-ilé ti ń jà tipẹ́tipẹ́: kí koríko má gba ilé, kí kòkòrò má ríbi sá pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìdí tí àwọn dókítà Òyìnbó fi ń fẹ́ kí koríko ilé wọn kúrú. Ète kan náà ni, àbáyọrí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Ìjọba a máa sanwó fún mímọ́ Ìkòyí láti inú àpò gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí ilé rẹ̀ kò mọ́ ni ó ń sanwó ìtanràn. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìtúnlùúṣe kan sílẹ̀ ní 1928, wíwó ilé sì di ara ìmọ́tótó.

Ní ilẹ̀ olóoru, koríko kì í fún ẹni ní ìsinmi. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, òjò ń mú un rú kí ọ̀sẹ̀ tó yípo; nígbà ọyẹ́, ó ń gbẹ, ó sì ń fẹ́ omi. Ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ ọwọ́ ní Èkó. Gádínà tí ó ń gbé bọ́ìsíkọ́tà lẹ́yìn ilé ń ṣe é. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó jáde láàárọ̀ lábẹ́ ìṣọ́ wọ́dà ń fi àdá ṣe é níwájú ọ́fíìsì ìjọba. Ó tún wọ ilé ẹ̀kọ́. Làǹgàlàǹgà, irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ lórí, di irinṣẹ́ tí ọmọ ilé ìwé mọ̀ bí ó ṣe mọ ṣọ́ọ̀kì, gígé koríko sì di ìjìyà ẹni tí ó pẹ́ dé tàbí tí ó pariwo ní kíláàsì. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan náà di àmì ọlá fún ẹni tí ó ni ilẹ̀, ó sì di ìtìjú fún ẹni tí ó ń ṣe é. Ìgbálẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Ìyàwó ilé tí ó gbá ojúde lè wúwo lára, ó lè máa kùn, ṣùgbọ́n ojúde tí ó gbá jẹ́ ti ilé rẹ̀, òun náà yóò sì jókòó síbẹ̀ tí oòrùn bá rọlẹ̀.

Lẹ́yìn 1947: koríko di ti alákọ̀wé

Ní 1947, ilé ìtura Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Lọ́ńdọ̀nù tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, ní yàrá. Ìbínú tí ó tẹ̀ lé e mú kí ìjọba Gómìnà Arthur Richards fòfin de ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ní àwọn ibi ìjọba. Diẹ̀díẹ̀, àdúgbò Òyìnbó di àdúgbò ìjọba, èyí tí ẹnu Yorùbá ń pè ní Gẹ́ẹ̀àrà. Ẹni tí ó bá gba ipò Òyìnbó lẹ́nu iṣẹ́ gba ilé rẹ̀, àti koríko rẹ̀ pẹ̀lú. Yunifásítì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán ilé rẹ̀, àti ti Ilé-Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, tí Arieh Sharon ya àwòrán ọgbà rẹ̀, fi koríko yí gbọ̀ngàn ìmọ̀ ká. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pẹ̀lú dá àjọ ìkọ́lé sílẹ̀ ní 1958, ẹ́sítéètì Bódìjà sì gbé ilé tí ó fà sẹ́yìn kúrò lójú títì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n bí sí agbo-ilé.

Ó rọrùn láti pe èyí ní àfarawé Òyìnbó lásán, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ náà kò tó. Àwọn alákọ̀wé wọ̀nyí ń kó kúrò nínú ilé tí ojúde rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí, wọ́n ń lọ sínú ilé tí ó jẹ́ ti ọkọ, aya àti ọmọ. Ojúde agbo-ilé kò ní odi; ẹni tí ó ń kọjá lè dúró kí ènìyàn, kí ó sì jókòó. Pápá koríko wà nínú ọgbà, géètì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ènìyàn kì í jókòó sórí rẹ̀ láìjẹ́ pé a pè é, àkọlé sì wà ní àwọn ibi kan pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ koríko. Àyípadà nínú ẹbí ni ó wá aṣọ tí yóò wọ̀, koríko sì wà nítòsí.

Ìtàn kan láti òdìkejì òkun fi hàn pé kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbèríko gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ń gbá àgbàlá wọn títí koríko kankan kò fi sí níbẹ̀, àṣà yìí sì wà títí wọ inú ọ̀rúndún ogún. Richard Westmacott ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé kan ní 1992, àwọn onímọ̀ sì ti tọ́ka sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Wọn kò lè sọ pé ti ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Ohun tí ó dájú ni pé nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn ń ti ẹ̀rọ ìgékoríko kiri, àwọn ìyá wọ̀nyí ń fi ẹ̀ka igi tí a dì pọ̀ ya ilà sára ilẹ̀ tí ó mọ́. Ojú àwọn tí kò mọ̀ rí i bí òṣì. Ní ojú àwọn tí wọ́n ni ín, ó jẹ́ ẹ̀rí pé ilé náà ní olówó.

Koríko, ọjà àti íntálọ́ọ̀kì

Lẹ́nu ìgbà àìpẹ́ yìí, pápá koríko ti jáde kúrò nínú ọgbà ilé bọ́ sí ojú títì. Ní oṣù Kìíní 2009, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá kó àwọn oníṣòwò tí ó kún ojú ọ̀nà Òṣòdì kúrò, a sì gbin koríko àti òdòdó sí àwọn ibi kan tí ìsọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ yọ̀, nítorí pé ọ̀nà là, ìbẹ̀rù àwọn jàǹdùkú sì dínkù. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ohun tí Lord Milton ṣe: ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni Òṣòdì, kì í ṣe ojú fèrèsé ẹnì kan. Síbẹ̀, ìyálọ́jà tí ó ń pàtẹ síbẹ̀ lè bèèrè ohun kan náà tí ará Milton lè bèèrè: koríko tí ó rọ́pò òun, kí ni ó ń tà?

Nínú ilé àdáni, ìtàn náà ti tún yí. Íntálọ́ọ̀kì ti ń bo ojú ilẹ̀ tí koríko wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà Èkó. Àwọn onílé sọ pé kì í hù, kì í fẹ́ gádínà, ọkọ̀ sì lè dúró lórí rẹ̀. Ojúde tí kò ní koríko ti padà dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àtijọ́. Ilẹ̀ tí a gbá ṣì jẹ́ ilẹ̀, ó sì ń mu nínú omi òjò. Koríko ń mu ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọnkéré tí a tò mọ́ra pẹ́kípẹ́kí ń darí ọ̀pọ̀ jù lọ omi náà sí gọ́tà, ní ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí ọ̀sà yí ká, tí àgbàrá sì ń wọ ilé lọ́dọọdún. Níhìn-ín ni koríko fi ṣe ohun tí ẹni tí ó gbé e wá kò rò: ó ń bá ìlú gbé omi mì.

Ìgúnlẹ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ wà nínú ahoro. Àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì àti baálé Yorùbá gbà pọ̀ lórí kókó kan: koríko tí a fi sílẹ̀ ń sọ pé ẹni tí ó ni ilé ti lọ. Yorùbá fà á tu. Gẹ̀ẹ́sì gé e. Ọ̀nà méjèèjì jẹ́ ẹ̀rí ojoojúmọ́ pé ọwọ́ ènìyàn ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún alákọ̀wé Yorùbá láti gba ti kejì láìrò pé òun ti kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Koríko tí a kò gé ni ó ṣì ń tì í lójú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ti ìyá rẹ̀ lójú.

Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé ojúde gbígbá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń gba ènìyàn; pápá koríko, ní ọ̀nà tí ó gbà dé Èkó, ń sinmi, ó sì ń lé ènìyàn. Kò sí ohun kankan nínú koríko fúnra rẹ̀ tí ó sọ pé ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹran ti jẹ ẹ́, ọba ti fi bo orí, ọmọdé sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ níbikíbi tí kò bá sí ẹni tí yóò lé wọn. Ẹni tí ó bá ń gbèrò ojú ilẹ̀ fún ìlú Yorùbá ti ọ̀la kò ní láti yan láàárín àdá àti ìgbálẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ni ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.